Ojo Ni Bàbá Fa Ọmọ Ajá Lé Lọ́wọ́

Ohun tó máa ń jí mi nílé wa ní Ṣakí nígbà tí mo wà lọ́mọdé kì í ṣe àkùkọ. Ọlọ Ìyá Àgbà ni. Kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa ló ti máa ń lọ ọkà bàbà tó ti rẹ sómi, nítorí ẹ̀kọ ló ń tà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ nǹkan ti wà nílùú nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ tí ẹ̀rọ bá lọ máa ń rùn bí ilé mẹkáníìkì. Bí ọlọ ṣe ń ké ni Bàbá Àgbà, ọkọ rẹ̀, bàbá tó bí bàbá mi, yóò máa wúkọ́ ní yàrá òdìkejì, tí àwọn ewúrẹ́ yóò máa fi ara nu ògiri, tí ìgbálẹ̀ àwọn ìyàwó ilé yóò sì máa wí tiwọn lójúde. Èmi á wà lórí ẹní, n ó máa fetí sí gbogbo rẹ̀, n ó máa ya èyí tó bà mí lẹ́rù sọ́tọ̀ nínú wọn. Ọlọ kò bà mí lẹ́rù. Ikọ́ Bàbá bà mí lẹ́rù díẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ kí n fa aṣọ bojú ni ìró èékánná ajá lórí ilẹ̀ yàrá, nítorí ilé ọdẹ ni ilé wa, ajá sì máa ń wọlé wọ̀de níbẹ̀ bí àlejò tó ti gbàgbé pé àlejò ni òun.

Kí n sọ òótọ́, ohun tí n kò bẹ̀rù nígbà náà kò pọ̀. Mo bẹ̀rù màlúù àwọn Fúlàní. Bí ìyá oníwàrà bá ń bọ̀ láìsí màlúù kankan lẹ́yìn rẹ̀, n ó ṣì yọjú wò ó bóyá ó fi ọ̀kan pamọ́ síbìkan. Mo bẹ̀rù kànga. Mo bẹ̀rù òjìji aṣọ tí wọ́n bá sá sórí okùn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, wọn kò sì kọ́ wa ní oògùn ẹ̀rù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ajá ni olórí gbogbo wọn. Ìyá ajá tó wà nílé wa ń jẹ́ Bánidélé, ajá ọdẹ gidi, pupa, tóóró, etí rẹ̀ kan ti ya níbi tí ìmàdò ti bá a jà. Kò bu ọmọ ilé jẹ rí. Ó kàn máa ń wò mí ni. Títí dòní mo gbà pé ó mọ ohun tó ń rò. Bí mo bá fẹ́ lọ sílé ìdáná, tó bá sì dùbúlẹ̀ sọ́nà, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbà yí ilé po, tí n ó fi dé ibẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ti ń lá àwo. Ìyá Àgbà yóò wá bi mí pé, "Ọkọ mi, ṣé Ìsẹ́yìn lo gbà wá ni?"

Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mo fẹ́ sọ, Bánidélé bímọ, Bàbá sì fa ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lé Ràímì lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Ràímì, ó jù mí lọ díẹ̀, a sì jọ ń sùn lórí ẹní kan náà. Ohun gbogbo tí mo bẹ̀rù ni Ràímì máa ń fi ọwọ́ gbá lórí. Ó so okùn mọ́ ọmọ ajá náà lọ́rùn, ó gun kẹ̀kẹ́, ó ń fà á tẹ̀lé ara rẹ̀ lọ sọ́nà Àgọ́-Àrẹ. Bí wọ́n bá dé, á gbé e gun orí àpáta, á ní kó fò sílẹ̀, ọmọ ajá á sì fò. Àdúgbò ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ẹ wá wo akin lẹ́yìn akin. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọmọ ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Oríkèé wú. Ìyá Àgbà fi òrí ra á lẹ́sẹ̀ títí, ẹsẹ̀ náà wọ́ síta bí ẹsẹ̀ àga tí káfíńtà ò rí parí. Nílé wa sì rèé, ajá tí kò lè rìn dé ìgbẹ́ kì í ṣe ajá ọdẹ, ajá ilé ọdẹ tí kò bá sì lè dẹ̀gbẹ́, ti Ògún ni. Nígbà tí àwọn ọdẹ bọ Ògún lọ́dún náà, òun ni wọ́n mú lọ. Èmi jẹ nínú ẹran náà, ó sì dùn. Ràímì ò jẹ. Ó lọ jókòó sẹ́yìn àká, nígbà tí mo sì lọ wò ó, ó ní eruku ló wọ òun lójú.

Ìdí rèé tí ẹnu fi yà wá nígbà tí Bánidélé tún bímọ, tí Bàbá fi ìyókù ta àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ, tó ku akọ kan ṣoṣo, tó sì pe gbogbo àwa ọmọdé ilé jọ sábẹ́ igi odán. Ọmọ ajá náà wà lórí itan rẹ̀, ó ń sùn, ikùn rẹ̀ yọ bọ̀ǹbọ̀. Gbogbo wa rò pé ó fẹ́ yan ẹni tó láyà.

"Nínú yín," ó ní, "ta ló bẹ̀rù jù?"

Kò sí ẹni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ìka ló yí sọ́dọ̀ mi. Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀, tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, fi ẹnu júwe mi. Ìyá Àgbà, tí ẹnikẹ́ni kò pè sí ìpàdé, na ọmọrogùn jáde lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó nà án tààrà sí mi, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

"Òun gan-an ni mo ń wá," Bàbá ní. "Akin ló ba ti èṣí jẹ́. Ojo ni mo fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí."

Ràímì ń wo ilẹ̀. Bàbá rí i, ó sì rọ ohùn. "Mi ò bá ọ wí. Àìmọ̀ ni. Ẹ gbọ́, ọmọ ajá ò yàtọ̀ sí ẹ̀kọ ìyá yín. Gbígbóná ló ń wọnú ewé. Ẹni tó bá gbé e jù síbí jù sọ́hùn-ún kó tó dì, á tú, kò sì ní jọ ẹ̀kọ mọ́ láéláé. Oríkèé ara èyí ò tíì dì. Tí a bá ní kó sáré, á sáré, torí kò mọ̀ pé òun ń pa ara òun. Ìwọ, o máa ń rìn jìnnà sílé?"

"Rárá, Bàbá."

"O máa ń gun àpáta?"

"Rárá o."

"O máa ń sáré?"

"Àfi bí ajá bá ń lé mi."

"Nígbà náà, má jẹ̀ẹ́ kó lé ọ." Ó gbé ọmọ ajá náà lé mi lọ́wọ́, mo sì gbà á bí ẹni gba ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, mo na apá méjèèjì jìnnà sí ara, mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di olùtọ́jú ajá nílé wa. Ẹ̀yìnlàárò ni Bàbá sọ ọ́, orúkọ tí wọ́n bá sọ ajá nílẹ̀ wa kò sì ṣàì jẹ́ ọ̀rọ̀ fún aládùúgbò.

Iṣẹ́ mi kò le lẹ́nu. Láàárọ̀, kó tó jẹun, nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀, n ó mú un rìn díẹ̀. Nírọ̀lẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ti tutù, n ó tún mú un rìn díẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sí okùn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó níyanrìn ni a gbọ́dọ̀ gbà, kì í ṣe orí òkúta, torí Bàbá ní òkúta máa ń dá ìlù padà sínú egungun. Bó bá dúró láti gbóòórùn koríko, kí n dúró. Bó bá jókòó, iṣẹ́ ti parí, kí n gbé e wálé. Bí òun àti ìyá rẹ̀ bá ń bá ara wọn ṣeré lágbàlá, kí ẹnikẹ́ni má dá sí i: "Èyí tó bá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, á fúnra rẹ̀ dáwọ́ dúró. Èyí tí ènìyàn bá bá a bẹ̀rẹ̀ ni mò ń sá fún." Kò sì gbọ́dọ̀ fò láti orí pèpéle ilé wa, tó ga díẹ̀. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ gbé e gùn, kí n gbé e sọ̀. Níbi gbígbé yìí ni ìyà mi wà. Nítorí eyín rẹ̀, tó dà bí abẹ́rẹ́, mo wá àpò kan tí wọ́n ti kó èlùbọ́ sí rí, inú rẹ̀ ni mo máa ń dọ́gbọ́n ti ajá sí kí n tó gbé e. Á jáde níbẹ̀, funfun láti orí dé ìrù, á máa sín. Àwọn tó ń kọjá rò pé a ra ajá tuntun.

Ní ti ọ̀nà, mo ní ibi tí mo ń dé. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà níbi tí ilé parí sí, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń sá èlùbọ́. Lẹ́yìn àpáta náà, ọ̀nà oko ṣẹ́rí sísàlẹ̀ sínú igi, lọ sétí odò. N kò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n bẹ̀rù rẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ọ́n, ǹ bá bẹ̀rù ohun pàtó. Ní ẹsẹ̀ àpáta ni mo ti máa ń yí padà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lọ́jọ́ òjò àti lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn obìnrin tó ń yí èlùbọ́ á sì máa kí mi: "Ọdẹ, ẹ kú ìrìnàjò o. Ṣé ẹ ò pa erin lónìí?" Èmi á ní, "A ò rí i." Nísinsìnyí tí orúnkún tèmi ti ń ké bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kìlọ̀ fún mi pé kí n máa rìn jẹ́jẹ́, kí n má gun àtẹ̀gùn, kí n gba ibi tó rọ̀, ara mi máa ń sọ fún mi pé mo ti gbọ́ ìlànà yìí rí, pé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ fi í lélẹ̀ fún.

Lọ́jọ́ kan mo rí eyín kékeré kan nínú àpò èlùbọ́. Mo rò pé mo ti ba ajá jẹ́. Mo sáré tọ Ìyá Àgbà lọ, mo ní Ẹ̀yìnlàárò ti ń tú. Ó wo eyín náà, ó wo ẹnu tèmi tí iwájú rẹ̀ ṣófo. "Tìrẹ náà ń bọ́, ọkọ mi. Ṣé a ti sin ọ́ ni?"

Ìgbà ọyẹ́ ni ọ̀rọ̀ fẹ́ bàjẹ́. Àwọn ọmọkùnrin ilé tó wà lẹ́yìn ilé wa ní ajá tí òun àti tiwa jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ajá tiwọn sì ti ń lé ehoro. Wọ́n wá dúró sójúde wa, wọ́n ní kí a mú tiwa wá kí àwọn méjèèjì jọ sáré lójú títì. "Ilé ọdẹ," ọ̀kan nínú wọn ní, "tí ajá wọn ń rìn bí ìyàwó tuntun." Òmíràn ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, inú àpò ni wọ́n ń gbé e sí." Mo gbọ́, kò dùn mí púpọ̀, ẹni tó ti mọ ara rẹ̀ ní ojo, èébú kì í bá a lójijì. Ràímì ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lára. Ó yíjú sí mi. "Mú un wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Títí dé ìdí máńgòrò yẹn."

"Bàbá ní kò tíì dì."

"Bàbá ò sí nílé. Mú un wá, ojo."

Mo ro ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀nba tí mo lè rò ó. Mo bẹ̀rù ajá. Mo bẹ̀rù Ràímì. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù Bàbá Àgbà ga ju ti àwọn méjèèjì lọ, lábẹ́ gbogbo rẹ̀ sì ni ìbẹ̀rù kan wà tí n kò mọ̀ pé mo ní: mo rántí ẹran tó dùn lọ́dún tó kọjá. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo fa Ẹ̀yìnlàárò sórí itan, mo wé apá àti ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí àpò lọ́jọ́ náà. Ó lá mi létí, mo sì pa ojú dé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Ràímì di ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan mú láti fà á. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wò ó. Ó fi àtàǹpàkò tẹ oríkèé náà jẹ́jẹ́, ó sì fi í sílẹ̀. Ó dìde, ó kọjú sí àwọn ọmọkùnrin náà, ó ní, "Ajá wa ò tíì dì. Ẹ máa lọ sílé." Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ. Nígbà tí a jẹun tán lálẹ́ ọjọ́ náà, Ràímì ju egungun tirẹ̀ fún ajá.

Nígbà tí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n ti dáná sun igbó, eyín Ẹ̀yìnlàárò ti pé, ó ti gùn, ìbọn èjìká Bàbá nìkan ló sì ku kí ó tẹ̀ lé. Ọdún Ògún tún ti ń sún mọ́lé. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ Bàbá wá bi í bóyá ajá wà nílé. Ó dá wọn lóhùn pé lọ́la ni òun máa mú ọmọ ajá náà lọ sígbẹ́. Bó bá tẹ̀ lé òun, kí wọ́n jọ wá òmíràn, bí kò bá tẹ̀ lé òun, àwọn ò ní wá a jìnnà. Ibi tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, omi inú ahá tí mo gbé dání ń dà sí mi lẹ́sẹ̀, n kò sì mọ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá, Ràímì àti Bánidélé mú un lọ. Wọn ò pè mí, ta ní í pe irú mi lọ sígbẹ́? Mo jókòó ti ẹ̀kọ, mo ń wo ọ̀nà. Kò pẹ́ ni Ràímì sáré padà wọlé.

"Ajá rẹ jókòó."

"Níbo?"

"Níbi àpáta èlùbọ́. Bàbá pè é, kò dìde. Ìyá rẹ̀ ti lọ níwájú, kò tẹ̀ lé e. Bàbá ní kí o máa bọ̀."

Nígbà tí mo débẹ̀, Ẹ̀yìnlàárò jókòó ní ibi tí a ti máa ń yí padà gan-an, ó ti kọjú sílé, ó ń ju ìrù. Inú rẹ̀ dùn pé mo dé kí a lè jọ padà. Àwọn obìnrin ti fi èlùbọ́ sílẹ̀, wọ́n ń wòran.

"Níbo lo máa ń mú un dé?" Bàbá bi mí.

"Ibí yìí, Bàbá."

"O ò kọjá ibí rí?"

"Rárá."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀rù ń bà mí."

Ó wo àpáta, ó wo ọ̀nà. "Mo ní kí o má jìnnà. Mi ò ní kí o mọ odi síbí." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ ẹsẹ̀ ajá láti oríkèé dé oríkèé. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ dára. Gbogbo ẹ̀ ti dì, kò sí èyí tó wọ́. Ṣùgbọ́n Ògún ò ní bi í pé báwo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí."

"Bàbá, ẹ fi okùn fà á."

"Tí mo bá fà á lónìí, ta ni yóò fà á lọ́la?" Ó dìde, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún mi.

Mo ti gbọ́ ìtàn àwọn tó ṣe akin nítorí ọ̀rẹ́ wọn. Èmi ò ṣe akin. Mo di ẹ̀yìn ẹ̀wù Ràímì mú, mo ní kó máa lọ, mo fi iwájú orí ti ẹ̀yìn rẹ̀, n kò sì rí nǹkan kan lójú ọ̀nà ju gìgísẹ̀ rẹ̀ lọ. A kọjá àpáta. Lẹ́yìn wa, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ní, "Ọdẹ ti ń lọ o." Mo yíjú wẹ̀yìn. Ẹ̀yìnlàárò wo ilé, ó wò mí, ó tún wo ilé. Ó dìde, ó gbọn ara, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, lórí iyanrìn. Ó bá mi. Ó kọjá mi. Bí a ṣe dé etí odò, mo gbé ojú sókè kí n lè rí ohun tó ti ń dẹ́rù bà mí láti ọjọ́ yìí. Odò ti gbẹ. Òkúta díẹ̀ ni, àti bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ kan tí okùn rẹ̀ ti já.

Òkè odò ni ọ̀yà kan ti ta jáde nínú koríko jíjó. Bánidélé gbá tẹ̀ lé e. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ẹ̀yìnlàárò ti ta sáré. N kò rí i kó sáré gidi rí. Mo ti mọ ìrìn rẹ̀, mo mọ ìjókòó rẹ̀, mo mọ bó ṣe ń sín nínú èlùbọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé èyí wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń pàdé lábẹ́ ikùn, wọ́n ń ya, wọ́n ń pàdé, kò sí èyí tó ń tiro. Ràímì dúró, ó ń wò ó. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbá tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú Bàbá. Ìgbà náà ni mo rí i pé ó ku èmi nìkan nínú igbó. Orí igi òrí kan ni wọ́n ti bá mi nígbà tí wọ́n padà dé, tí èèrà ń jẹ mí nítan, tí n kò sì jẹ́ sọ̀kalẹ̀ títí Bàbá fi ní òun á fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Bó ṣe ń lọ níwájú, ọ̀yà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ajá ti tó. Ràímì, lọ sọ fún àwọn ọdẹ pé kí wọ́n wá ti Ògún síbòmíràn."

A délé. Ìyá Àgbà ti gbọ́, ó jáde sójúde pẹ̀lú omi. Ẹ̀yìnlàárò mu omi tán, ó gbé orí sókè, ó sì rí mi. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀yà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ dé ọ̀fun. Ó fẹ́ wá fi hàn mí. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn mi, mo mọ̀ pé èmi ni mo gbé e nínú àpò, mo sì fẹ́ sá lọ. Mo sá lọ. Ó tẹ̀ lé mi. Ìyá Àgbà ń kígbe tẹ̀ lé wa bó ṣe mọ́ ọn lára, "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó sáré o, oríkèé rẹ̀," Bàbá sì ń dá a lóhùn láti abẹ́ odán, ẹ̀rín ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, pé, "Fi wọ́n sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n sáré." Mo yí ilé po, mo tún yí i po, mo ń ké pe Ràímì. Nígbà tí mo ráyè bojú wẹ̀yìn láti wo bó ṣe sún mọ́ mi tó, n kò rí i. Ó ti wà níwájú mi.